Ìdìbò Abẹ́lé àti Sáà Kejì Gómìnà ní Ìpínlẹ̀ Èkó: Àyẹ̀wò Ìrírí Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, 1991 sí 2023

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ọdún mẹ́rin ṣe gbèdéke sáà kan fún gómìnà, ó sì kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni lò ju sáà méjì lọ. Kò sí ibì kan nínú rẹ̀ tí a ti sọ pé sáà kejì jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni tó ń bẹ lórí àga. Síbẹ̀, ìrírí ti mú kí ọ̀pọ̀ ará Èkó máa wò ó bẹ́ẹ̀. Látéèf Jákáǹdè padà wọlé ní 1983, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù mẹ́ta péré ló lò nínú sáà náà kí àwọn ológun tó gbàjọba. Bọ́lá Tinúbú padà wọlé ní 2003, ọdún tí àwọn gómìnà AD márùn-ún yòókù nílẹ̀ Yorùbá pàdánù ipò wọn. Babátúndé Fáṣọlá tẹ̀ lé e ní 2011. Akínwùnmí Àḿbọ̀dé, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ni gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ náà tó du sáà kejì tí kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Àwọn olùdìbò kọ́ ni wọ́n kọ̀ ọ́, nítorí orúkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ dé iwájú wọn. Èrò tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ni pé ìdìbò abẹ́lé, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí, ló ti ń pinnu ìpín Ẹ̀pẹ́ nínú ìṣèlú Èkó láti 1991.

Àkékúrú "IBILE" ni àwọn ará Èkó fi ń ka ẹkùn márùn-ún tó di ìpínlẹ̀ wọn: Ìkẹjà, Badagry, Ìkòròdú, Lagos (ìyẹn erékùṣù Èkó àti agbègbè rẹ̀) àti Ẹ̀pẹ́. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ jọ wà ní ẹkùn sẹ́nétọ̀ ìlà-oòrùn Èkó. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ méjì ló ti jẹ gómìnà. Ìkòròdú, tí èrò rẹ̀ pọ̀ ju ti Ẹ̀pẹ́ lọ fíìfíì, kò tíì ní ẹyọ kan títí di òpin ìdìbò 2023.

Ti 1991 ló yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nígbà náà, ẹgbẹ́ méjì péré ni ìjọba ológun Ìbràhím Babangida fọwọ́ sí, SDP àti NRC. SDP ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ní Èkó, àwọn ènìyàn sì gbà pé ẹni tí ẹgbẹ́ náà bá fà kalẹ̀ ti di gómìnà tán. Dàpọ̀ Sàrùmí àti Fẹ́mi Àgbàlájọbí ni wọ́n dojú kọ ara wọn. Ẹ̀yìn Àgbàlájọbí ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jákáǹdè wà. Ìjà náà le débi pé wọ́n fagi lé ìdìbò abẹ́lé náà, wọ́n sì yọ àwọn méjèèjì kúrò nínú ìdíje. Yọ̀mí Edu, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ni SDP wá fà kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí inú ń bí kò dìbò fún un. Ọ̀dọ̀ Michael Ọ̀tẹ́dọlá ti NRC ni wọ́n darí ìbò wọn sí, ọmọ Odoragunsin ní ẹkùn Ẹ̀pẹ́ kan náà. Báyìí ni ẹgbẹ́ tí kò lágbára ṣe gba Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ọ̀tẹ́dọlá kò dé ibi tí à ń sọ̀rọ̀ sáà kejì, nítorí pé ìjọba Sani Abacha gba àkóso ní oṣù Kọkànlá ọdún 1993. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà ní Noforija, Ẹ̀pẹ́, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà.

Ní 2015, Àḿbọ̀dé ti APC ní ìbò 811,994, Jímì Àgbàjé ti PDP ní 659,788. Ìyàtọ̀ ìbò 152,206 kò pọ̀ ní ìpínlẹ̀ tó tóbi tó Èkó. Iṣẹ́ tó ṣe ní ẹkùn tirẹ̀ hàn sí gbogbo ènìyàn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015 ni wọ́n ṣí ọ̀nà ọkọ̀ BRT láti Máìlì 12 dé Ìkòròdú, èyí tí Fáṣọlá bẹ̀rẹ̀. Ní 2016, Èkó àti Kebbi dòwò pọ̀ lórí ìrẹsì, iṣẹ́ ilé-ìlọrẹsì ńlá sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìmọ́ta lẹ́bàá Ìkòròdú. Ní oṣù Kejì ọdún 2018 ó fọwọ́ sí òfin tó sọ ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni. Òfin yìí nìkan tó láti mú kí àwọn olùkọ́ Yorùbá máa rántí rẹ̀. Oṣù kan náà ni òfin owó orí ilẹ̀ àti ilé jáde, tí ariwo rẹ̀ gba ìlú kan tó fi di dandan kí ìjọba dín in kù ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ètò ìkólẹ̀ tuntun tún gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn akólẹ̀ PSP, pàǹtírí sì kún títì.

Ṣé ìwọ̀nyí ló lé e lọ? Wọ́n dá kún un, ṣùgbọ́n gómìnà tí ìlú ń ráhùn sí ṣì lè padà wọlé bí ẹgbẹ́ bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé àwọn àgbà ẹgbẹ́ àti ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ àti ti agbègbè ìdàgbàsókè, tí gbogbo wọn jẹ́ 57, ti kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Tinúbú náà fi ìwé síta pé àwọn kan ti yà kúrò nínú ètò ìdàgbàsókè tí wọ́n jọ fi lélẹ̀.

Ọjọ́ 2, oṣù Kẹwàá, 2018 ni wọ́n dìbò abẹ́lé náà. Ọmọ ẹgbẹ́ yóò tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́, ní gbangba, wọn yóò sì kà wọ́n. Wisconsin ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ fi òfin gbé irú ìdìbò abẹ́lé tó kan gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún; ṣùgbọ́n ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń tẹ̀ka níbẹ̀. Ní Èkó, alága ìbílẹ̀ lè dúró kó máa wo ẹni tó tò síbí àti ẹni tó tò sọ́hùn-ún.

Clement Ebri, gómìnà Cross River nígbà kan rí, tí ẹgbẹ́ rán wá láti Àbújá, kọ́kọ́ sọ pé ìgbìmọ̀ òun kò tíì fọwọ́ sí ìdìbò náà. Kò pẹ́ tí ìgbìmọ̀ kan náà fi gbà á wọlé. Babájídé Sanwó-Olú ní 970,851, Àḿbọ̀dé ní 72,901. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn fara balẹ̀ wo iye wọ̀nyí. Nígbà tí gbogbo ìpínlẹ̀ dìbò ní oṣù Kẹta ọdún 2019, ìbò 739,445 ni Sanwó-Olú kan náà ní. Iye tí wọ́n kéde fún un nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo fi 231,406 ju èyí tó rí gbà lọ́wọ́ gbogbo olùdìbò Èkó lọ. Bóyá ọ̀pọ̀ kàn jókòó sílé ní 2019 ni o, bóyá ìkà orí ìlà kò péye ni o, iye méjèèjì kò ṣeé gbé sórí òṣùwọ̀n kan náà.

Ní ọjọ́ kejì ìdìbò náà, Àḿbọ̀dé gbà pé òun pàdánù, kò sì fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Godwin Obaseki ti ìpínlẹ̀ Edo gba ọ̀nà mìíràn ní 2020: nígbà tí APC já orúkọ rẹ̀ dànù, ó bọ́ sínú PDP, ó sì fi ìbò 307,955 gba sáà kejì. Edo ní ẹgbẹ́ méjì tó lè gba ìjọba. Ní Èkó, ẹgbẹ́ tí Tinúbú ń darí kò tíì pàdánù ìdìbò gómìnà kankan láti 1999, nítorí náà ẹni tó bá jáde kúrò nínú rẹ̀ kò rí ibi tí yóò wọ̀.

Nígbà tí ó kan Sanwó-Olú fúnra rẹ̀, ìdìbò abẹ́lé ọdún 2022 kò fún un ní wàhálà. Ìta ni ìpèníjà rẹ̀ ti wá: ní ọjọ́ 25, oṣù Kejì, 2023, Peter Obi ti ẹgbẹ́ Labour fi ìbò 582,454 borí Tinúbú, tó ní 572,606, ní Èkó gan-an, nínú ìdìbò ààrẹ. Àmọ́ ìjọba ti ṣiṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ ṣáájú. Ní 2022, wọ́n sọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga oníṣẹ́-ọwọ́ Ìkòròdú di yunifásítì, wọ́n sì da ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti Noforija pọ̀ mọ́ ti Ìjanikin láti di yunifásítì ètò ẹ̀kọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari wá ṣí ilé-ìlọrẹsì Ìmọ́ta, tó lè lọ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Gómìnà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti kúrò nípò láti nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹta, Sanwó-Olú fi ìbò 762,134 gba sáà kejì. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà ní Èkó, 19 ló gbà, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ sì wà lára wọn.