Ọkọ̀ Jẹ́ẹ̀tì àti Wáyà Ìdí Rẹ̀

Ní erékùṣù gúúsù ilẹ̀ New Zealand, níbi tí yìnyín ti ń bo orí òkè, tí ó sì ń yọ́ ṣàn wá sí àfonífojì nígbà tí oòrùn bá mú, àwọn odò kan wà tí ọkọ̀ kò lè fojú di láyé àtijọ́: Waitaki, Rakaia, Waimakariri, odò olókùúta wẹẹrẹ, a-pẹ̀ka-yẹ́lẹyẹ̀lẹ-lórí-iyanrìn, a-sáré-má-bojú-wẹ̀yìn, tí omi wọn lè mu ọkùnrin dé ọrùn ní ìhín, kí ó má sì bo kókósẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀hún. Àwọn ará Māori, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, a máa fi koríko etí omi di ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní mōkihi, wọn a sì bá Waitaki sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n lílọ ni omi gbé wọn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń bọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì sì dé, òkúta abẹ́ omi kò jẹ́ kí irin tí ń yí bírí nídìí rẹ̀ rí àyè yí. Òtítọ́ ni pé omi là á wẹ̀, omi là á mu, kò sẹ́ni tí í bómi ṣọ̀tá. Àmọ́ omi ìhà ibẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́.

Ní àárín ilẹ̀ yìí, ní agbègbè Mackenzie (orúkọ ọkùnrin ará Scotland kan tí wọ́n mú fún olè àgùntàn ní 1855 ni wọ́n fi sọ ibẹ̀, ayé kì í mọ ẹni tí yóò dá lọ́lá), ni William Hamilton, tí a bí ní 1899, ti ra oko àgùntàn tí ń jẹ́ Irishman Creek ní 1921. Oko náà jìnnà sí ìlú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò bá lè tún nǹkan ara rẹ̀ ṣe yóò fi jókòó tì í ni. Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: wáyà ọgbà Nọ́ńbà 8, tí wọ́n fi ń sé àgùntàn mọ́, ni àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ náà fi ń di ohun gbogbo tó bá já. Hamilton ní tirẹ̀ sé omi oko rẹ̀, ó fi pèsè iná mànàmáná, ó sì dá ilé iṣẹ́ irin sílẹ̀ níbẹ̀.

Ní nǹkan bí 1953 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí wá bí òun yóò ti fi ọkọ̀ gun odò wọ̀nyí láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ rò ó pé a lè fa omi wọnú ọkọ̀, kí a sì fi agbára tú u jáde lẹ́yìn kí ọkọ̀ lè sún síwájú. James Rumsey ti fi ẹ́ńjìnì tí ooru omi ń mú ṣiṣẹ́ ṣe é lójú gbogbo ènìyàn lórí odò Potomac ní Amẹ́ríkà ní 1787, Amẹ́ríkà kan náà sì ni ẹ̀rọ tí Hamilton kọ́kọ́ yẹ̀ wò, Hanley Hydro-Jet, ti wá. Ẹ̀rọ yìí ń tú omi rẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, kò sì yá. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ Hamilton ló dá a lábàá pé kí wọ́n gbé ẹnu ihò tí omi ń gbà jáde ga díẹ̀ ju ojú omi lọ. Wọ́n gbé e ga, ọkọ̀ náà sì ta kìjí. Bó ti máa ń rí, orúkọ ọ̀gá ló bo ti ọmọṣẹ́ mọ́lẹ̀.

Ní 1960, àwọn ọkọ̀ Hamilton, tí a ń pè ní ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì, gun odò Colorado la Grand Canyon já láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ohun tí ọkọ̀ kankan kò ṣe rí. Ní 1977, Edmund Hillary, tí òun àti Tenzing Norgay kọ́kọ́ dé góńgó òkè Everest, fi ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì mẹ́ta gun odò Ganges ní Íńdíà láti etí òkun, títí ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ omi kan nítòsí Nandprayag fi dá wọn dúró.

Ẹ́ńjìnì ni gbogbo ènìyàn ń kì fún iṣẹ́ wọ̀nyí. Lójú tèmi, wáyà jíà náà tó ẹni tí à ń kì. Ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì kò ní jíà bí ti mọ́tò. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, omi ń tú jáde lẹ́yìn, kò sì mọ̀ ju kí ó ti ọkọ̀ síwájú lọ. Bí awakọ̀ bá fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn, korobá irin kan ni yóò sọ̀ kalẹ̀ bo ẹnu ihò, tí yóò sì darí omi gba abẹ́ ọkọ̀ síhà iwájú. Bí ó bá sọ̀ dé àárín, ipá méjèèjì á dọ́gba, ọkọ̀ á dúró lójú kan. Kò ní bíréèkì mìíràn. Wáyà tí ń gbé àṣẹ yìí láti ọwọ́ awakọ̀ lọ sí ìdí ọkọ̀ wà nínú èèpo rẹ̀ bí idà inú àkọ̀. Ọmọ ìyá ni í ṣe sí èyí tí Ernest Bowden gba ìwé àṣẹ fún ní England ní 1896, tí a mọ̀ mọ́ bíréèkì kẹ̀kẹ́, àfi pé ti kẹ̀kẹ́ kò mọ̀ ju fífà lọ, ti ọkọ̀ yìí gbọ́dọ̀ lè fà, kí ó sì lè tì.

Ibi tí wáyà náà ti gba ìdí ọkọ̀ jáde ni ikú rẹ̀ ti ń wọlé. Rọ́bà tó dí ojú ihò á sán, omi á wọlé, ìpẹtà á mú un, ọwọ́ jíà á sì bẹ̀rẹ̀ sí le. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ọkọ̀ yìí kì í wá mẹkáníìkì lọ; àṣà oko ni wọ́n tẹ̀ lé. Wọ́n á pa ẹ́ńjìnì, wọ́n á yọ kọ́kọ́rọ́, wọ́n á sàmì sí ibi tí nọ́ọ̀tì orí wáyà wà kí wọ́n tó tú orí rẹ̀ méjèèjì. Okùn ni wọ́n á so mọ́ ògbólógbòó wáyà kí wọ́n tó fà á jáde, kí okùn náà lè fa tuntun gba ọ̀nà kan náà wọlé. Gígùn wọn gbọ́dọ̀ bára mu, a kò sì gbọdọ̀ ṣẹ́ tuntun po, nítorí ibi tó bá ká jù ni yóò kọ́kọ́ jẹ. Ìgbà tó bá kan títo nọ́ọ̀tì ni iṣẹ́ di ti sùúrù. Bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀: korobá gbọ́dọ̀ gbéra pátápátá nígbà tí ọwọ́ jíà bá wà níwájú, nítorí bí etí rẹ̀ bá kan omi díẹ̀, eré ọkọ̀ á dín, ó sì gbọ́dọ̀ bo ẹnu ihò omi dáadáa nígbà tí a bá fa ọwọ́ jíà sẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí, rọ́bà tuntun á bọ́ sójú ihò tí wáyà gbà jáde.

Kí ẹni tó bá ṣe é tán so ọkọ̀ mọ́ èbúté, kí ó fi ọwọ́ ti jíà síwá sẹ́yìn kí ó tó ṣáná sí ẹ́ńjìnì, kí ó má sì tú okùn èbúté títí ọkọ̀ yóò fi dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí ọwọ́ jíà bá wà ní àárín.