Àìdọ́gba àǹfààní sí ìmọ̀-ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà

Àìdọ́gba àǹfààní sí ìmọ̀-ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn tó ní kọ̀ǹpútà, fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n lò, àti àwọn tí kò ní. Ní Nàìjíríà, ó hàn jù láàárín ìlú ńlá àti ìgbèríko. Nígbà tí fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, ìlú ńlá bí Èkó àti Àbújá ló kọ́kọ́ dé. Òfin Ìbánisọ̀rọ̀ ti ọdún 2003 pèsè àpò owó tí yóò mú un dé ìgbèríko.

Àìtó iná mànàmáná, ọ̀wọ́n dátà àti ìwọ̀nba ohun tí a kọ ní èdè abínibí wà lára ohun tó ń fà á.

Láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni àjọ JAMB ti ń ṣe ìdánwò ìgbaniwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ láti ìlú kékeré bí Ifẹ̀-Olúkòtún, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Yàgbà, Ìpínlẹ̀ Kogí, tí kò bá fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, yóò máa bá ẹni tó ní in nílé díje fún àyè kan náà.