Òfin iṣẹ́ ní Gabon: Kí ló ti yí padà láti 1946 tó yẹ kí agbanisíṣẹ́ mọ̀?

Ní Nzeng-Ayong, àdúgbò kan ní Libreville tó jẹ́ olú ìlú Gabon, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tó sì gba ọmọṣẹ́ kan péré ti di agbanisíṣẹ́ lójú òfin.

Àmọ́ òfin ọ̀hún kì í dúró sójú kan.

Títí di 1946, aláṣẹ Faransé lè fi tipátipá kó èèyàn lọ sẹ́nu iṣẹ́ ní Gabon. Òfin tí Félix Houphouët-Boigny gbé síwájú ilé aṣòfin ní Paris ló fòpin sí i, lọ́jọ́ 11, oṣù Kẹrin, ọdún náà.

Lọ́jọ́ 15, oṣù Kejìlá, 1952, òfin iṣẹ́ kan náà jáde fún àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ Faransé, títí kan Gabon àti Dahomey tó di Benin lónìí. Ó fìdí wákàtí 40 lọ́sẹ̀ múlẹ̀, àti ìsinmi tí owó ń wọlé lé lórí. Kí ó tó jáde, àwọn òṣìṣẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti daṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù Kọkànlá nítorí rẹ̀.

Òfin àtijọ́, òfin tuntun

Lẹ́yìn òmìnira ní 1960, Gabon bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òfin tirẹ̀. Òfin iṣẹ́ ọdún 1994 wà fún ọdún 27, kí ti oṣù Kọkànlá, 2021, tó rọ́pò rẹ̀. Ọ̀gá tó bá ṣì ń fi ìwé àdéhùn ayé 1994 gba òṣìṣẹ́, òfin tó ti kú ló ń tẹ̀ lé.

Nígbà míì, òwò fúnra rẹ̀ ni òfin ń kàn. Ní 1978, ìjọba Omar Bongo lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Benin kúrò ní Gabon.

Ní oṣù Kẹjọ, 2025, ìjọba Brice Oligui Nguema kéde pé àwọn òwò kéékèèké kan, bíi ṣọ́ọ̀bù àdúgbò, títún fóònù ṣe lẹ́bàá títì àti fífi owó ránṣẹ́, di ti ọmọ Gabon nìkan. Àjèjì tó gba ọmọṣẹ́ sí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ lè san owó oṣù pé pérépéré, kó sì tún rú òfin.

Yorùbá ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Ní Gabon, inú ìwé ìjọba, Journal Officiel, ni òfin tuntun ti ń jáde. Ibẹ̀ ló yẹ kí agbanisíṣẹ́ máa wò kó tó gba ẹni tó kàn.