Kẹ̀kẹ́, Gẹdú àti Ìṣin: Ọ̀rọ̀ àti Igi Tó Rìn Dé Ìbàdàn

Kí kẹ̀kẹ́ ológeere tó dé ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ náà "kẹ̀kẹ́" ti wà lẹ́nu Yorùbá. Ohun tí àwọn ìyá ńlá wa fi ń ran òwú, tó máa ń yí bírí lọ́wọ́ wọn, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí àwọn tó ń túmọ̀ Bíbélì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún dé ibi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ogun Fáráò, àti ti ọkọ̀ iná tó la àárín Èlíjà àti Èlíṣà, kẹ̀kẹ́ náà ni wọ́n kọ. Nítorí náà, nígbà tí ohun ìrìnnà onítáyà méjì yọ, orúkọ ti wà nílẹ̀ dè é. Wọ́n kàn fi "ológeere" kún un ni, torí pé geere ló ń lọ, kì í pariwo. (Ẹ má fi ohùn rẹ̀ pe kẹ́kẹ́ o; ilà ojú nìyẹn.)

Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ kò tíì dàgbà púpọ̀. Ọdún 1817 ni Karl Drais, ará Jámánì, ṣe èyí tí a lè pè ní bàbá rẹ̀. Kò ní pẹ́dà. Ẹsẹ̀ ni ẹni tó gùn ún fi ń ti ilẹ̀. Ọdún 1885 ni John Kemp Starley gbé èyí tó jọ tòde òní jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ṣéènì ń fa táyà ẹ̀yìn. Dunlop wá fi táyà oníafẹ́fẹ́ dé e ládé ní 1888. Ní ti bí kẹ̀kẹ́ ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, rélùwéè láti Èkó wọ Ìbàdàn ní 1901, ibùdókọ̀ rẹ̀ sì wà ní Dùgbẹ̀ títí dòní. Ọ̀nà irin yìí ló sọ Dùgbẹ̀ àti Gbági di ibi tí àwọn oníṣòwò Òyìnbó ń kó ọjà sí: irin, aṣọ, iyọ̀, àti kẹ̀kẹ́.

Èyí tí àwọn àgbà kò lè gbàgbé ni Ràlé, iṣẹ́ ọwọ́ ilé iṣẹ́ Raleigh ti Nottingham. Dúdú ló máa ń jẹ́, ó ga, irin rẹ̀ le koko. Agogo wà lọ́wọ́ rẹ̀, káríà wà lẹ́yìn, dáínámò kékeré sì fara ti táyà. Bí táyà bá ń yí, iná á tàn. Bí ẹlẹ́ṣin irin bá dúró, òkùnkùn dé. Tísà gùn ún, akọ̀wé gùn ún, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń ra kòkó káàkiri abúlé. Wolé-wolé náà gùn ún, gbogbo ilé tí kò bá sì tíì gbálẹ̀ á kọ́kọ́ gbọ́ agogo rẹ̀ kí wọ́n tó rí i. Lára owó tí gbogbo ìlú yìí fi dìde, títí dé Ilé Kòkó tí wọ́n parí ní Dùgbẹ̀ ní 1965, àpò kòkó tó gba orí káríà kọjá wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn ọrọ̀ Ìwọ̀ Oòrùn tí kò dárúkọ kẹ̀kẹ́, ó ti fi ohun ńlá sílẹ̀.

Ìjọba kò kúkú gbàgbé rẹ̀. Nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, láísẹ́ǹsì kẹ̀kẹ́ ṣì wà lára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, pẹ̀lú ti ọkọ̀ ojú omi, bárò àti ọmọlanke.

Lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ni ẹlẹ́ńjìnnì dé, orúkọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò rò. Alùpùpù, ìró ẹnu rẹ̀ ni. Ọ̀kadà gba orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan, Okada Air, tí ilé iṣẹ́ náà gba orúkọ tirẹ̀ lọ́wọ́ ìlú Okada ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ẹni tó bá fẹ́ fò kọjá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á ké sí i. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá di Márúwá, látara Mohammed Buba Marwa tó jẹ́ alákòóso ológun ní Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999. Àwọn mìíràn ń pè é ní kẹ̀kẹ́ NAPEP, torí ètò ìgbógunti ìṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2001. Orúkọ Márúwá ló borí lẹ́nu àwa ará Ìbàdàn.

Ẹ dúró ní Agbowó, lódìkejì géètì Yunifásítì Ìbàdàn, kí ẹ wo iwájú àwọn Márúwá tó ń kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n kọ Bajaj sí. Ilé iṣẹ́ Íńdíà ni, ní ìlú Pune. Ohun tí àwọn ará Íńdíà sì ń pè é, rickshaw, ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti yá a: jin ni èèyàn, riki ni agbára, sha ni ọkọ̀. Èèyàn ló ń fi ọwọ́ fà á níbẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ti Íńdíà wá sọ́dọ̀ wa pọ̀ ju irin lọ, igi wọn sì ti ṣáájú Márúwá dé tipẹ́. Ẹ wọ ọjà pákó ní Bódìjà. Igi tí Òyìnbó ń pè ní teak wà níbẹ̀. Láti inú èdè Malayalam, ní gúúsù Íńdíà, ni orúkọ náà ti jáde, àwọn Pọtogí ló gbé e káàkiri. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbìn ín sínú àwọn igbó ọba wa níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Gẹdú ni àwọn èèyàn wa sọ ọ́, orúkọ tí agégẹdú ti ń pe igi ńláńlá tẹ́lẹ̀. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki, àwọn ẹlẹ́kọ sì tètè rí i pé ó ṣe é pọ́n ẹ̀kọ. Bí ẹ bá fi ìka ra ọ̀jẹ̀lẹ́ ewé rẹ̀, pupa rẹ̀ á mọ́ ọwọ́ yín bí osùn. Mẹlínà náà wà ní ọjà yẹn, igi Éṣíà tó tètè ń dàgbà, tí wọ́n gbìn lọ́pọ̀ yanturu torí bébà. Orúkọ Gmelin, onímọ̀ ará Jámánì, ló ń jẹ́.

Dóńgóyárò tí a ń sè fún ibà ńkọ́? Orúkọ Haúsá ni a fi ń pè é, ọmọkùnrin gíga, ṣùgbọ́n indica tí àwọn onímọ̀ fi parí orúkọ rẹ̀ ń sọ ibi tó ti wá. Máńgòrò náà ni indica, yálà ṣẹ̀rì kéékèèké tàbí ti Ògbómọ̀ṣọ́ tó kún ọwọ́.

Àwa náà fi igi ránṣẹ́. Ní apá Jẹ́ríkò, Ìdí-Ìṣin ni ilé iṣẹ́ ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́ ti ìjọba àpapọ̀, NIHORT, wà láti 1975. Orúkọ ibẹ̀ dùn mọ́ mi púpọ̀. Igi ìṣin, ìbílẹ̀ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni. Ní 1778 ni ó dé Jàmáíkà, William Bligh gbé e láti ibẹ̀ lọ sí Kew ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1793, wọ́n sì sọ ọ́ ní Blighia. Ackee tí àwọn ará Jàmáíkà ń pè é, èdè Akan ni, òun sì ni èso orílẹ̀-èdè wọn lónìí. Àwa tí a ni igi mọ òfin rẹ̀: a kì í fi ipá la ìṣin. Ó gbọ́dọ̀ là fúnra rẹ̀ lórí igi, kí ẹran rẹ̀ funfun hàn lábẹ́ kóró dúdú, kí a tó jẹ ẹ́. Èyí tí kò tíì là, májèlé ni.

Orúkọ igi àti ẹyẹ pọ̀ ní Ìbàdàn: Ìdí-Ayùnrẹ́, Ìdí-Osè, Ẹlẹ́yẹlé. Ìlú náà fúnra rẹ̀, ẹ̀bá ọ̀dàn ni. Ní ìhà tuntun, ilé ìtajà àti títì ló gba iṣẹ́ ìsọlórúkọ: Challenge gba orúkọ ilé ìtàwé àwọn míṣọ́nnárì SIM, Ring Road kò sì ní ìtàn ju pé ó yí ká. Ẹni tó wà nínú takisí Máíkírà kì í rí ìdí igi kankan, eré ni ọkọ̀ ń sá. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ló ń rí i, ṣùgbọ́n títì wa kò fi ààyè sílẹ̀ fún un.

Mo rọ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pé, bí wọ́n bá tún ń ṣe títì láti Challenge dé Bódìjà, kí wọ́n ya ọ̀nà fún kẹ̀kẹ́ ológeere, kí wọ́n sì gbin ìṣin, ayùnrẹ́ àti osè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì mọ igi tí àdúgbò yín ti gba orúkọ, ẹ fi hàn àwọn ọmọ yín kí wọ́n tó gé e.