Ààlà Tí A Pa fún Ohùn Lójú Òfurufú

Àwọn baba wa a máa wí pé, ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Ti ẹyẹ li èyí. Ti ohùn asọ̀rọ̀mágbèsì kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sán, ohùn náà a máa tọ ilẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbàtí ilẹ̀ bá ṣú, a gòkè, òfurufú a sì dá a padà sí ìlú òkèèrè.

Bẹ́ẹ̀ li ó rí ní Amẹ́ríkà. Ilé WFLA-WSUN ní Florida àti ilé WTMJ ní Milwaukee, tí nǹkan bí 1,000 máìlì là wọ́n láàrin, jọ nsọ̀rọ̀ lórí ipa kan náà, 620. Ní òru, ti Florida ndí ti Milwaukee lọ́wọ́. Ní ọdún 1932, Raymond Wilmotte ṣe ètò òpó irin méjì fún ilé Florida: ìgbì ti ìkíní àti ti ìkejì npa ara wọn rẹ́ ní ìhà Milwaukee, nwọ́n sì nran ara wọn lọ́wọ́ ní ìhà míràn.

Ṣùgbọ́n ẹnu lásán kò tó ẹ̀rí. Nítorínáà ni ìgbìmọ̀ FCC, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1934, ṣe fi í sí òfin pé kí irú ilé bẹ́ẹ̀ máa fi ẹ̀rọ wọn agbára ohùn wọn ní ibi tí a ti yàn, kí ó má bà rékọjá òṣùwọ̀n.

Àwa rí i nínú èyí pé, ẹnití ó bá nfẹ́ kí a gbọ́ tirẹ̀, kí ó jẹ́ kí a gbọ́ ti ẹnìkejì rẹ̀ pẹ̀lú.