Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn ní ọjà Máìlì 12, ní Kòsọ́fẹ́: bí lóòrì tòmátì àti àlùbọ́sà láti Òkè Ọya bá bá ìdíwọ́ pàdé lójú títì kan, awakọ̀ a wá òmíràn gbà. Ọ̀nà mélòó wá ni ọ̀rọ̀ ń gbà wọ ìlú?

Láyé àtijọ́, ìránṣẹ́ ni ó ń gbé àrokò láti ìlú dé ìlú. Ní 1886, okùn wáyà abẹ́ òkun dé Èkó. Ṣùgbọ́n ní 1971, Norman Abramson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Hawaii fi rédíò so kọ̀ǹpútà erékùṣù kan mọ́ òmíràn, láìsí okùn. Àwọn olùfẹ́ rédíò ní Kánádà, tí wọn kì í fi í pawó, bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní 1978. Lẹ́yìn wọn ni ẹgbẹ́ TAPR ní Tucson, Amẹ́ríkà, ṣe àpótí TNC, tí ó ń jókòó láàárín kọ̀ǹpútà àti rédíò. Wọ́n tà á ní ègé-ègé kí olúkúlùkù lè fi òjé lẹ̀ ẹ́ pọ̀ fúnra rẹ̀. Wọn kò sì fi àwòrán inú rẹ̀ pamọ́.

Àpótí náà a gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, a sì kọ orúkọ ìpè olùránṣẹ́ àti ti olùgbà sí ara ègé kọ̀ọ̀kan. Bí ègé kan bá sọnù, a tún un rán. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹni tó wà láàárín a bá ni tì í síwájú. Ní tiwa, ní ẹ̀wádún 1990, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti ilé-ẹ̀kọ́ ICTP ti Trieste, ní Ítálì, fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti fi rédíò so kọ̀ǹpútà pọ̀.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ ní etíkun Côte d'Ivoire; iṣẹ́ ọ̀pọ̀ báǹkì mẹ́hẹ ní Nàìjíríà. Òótọ́ ni pé òfin kò gbà kí a fi rédíò irú èyí ṣòwò. Kò sì lè rọ́pò fóònù ọlọ́jà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ Ìkosì tàbí Kétu tó gba ìwé àṣẹ, tí orúkọ ìpè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N, tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ to àpótí náà, kò ní káwọ́ gbera lọ́jọ́ tí okùn bá já. Ẹni tó mọ ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọjà ń tú mọ́ lórí.