Owó Tí Kò Ní Òógùn Nínú: Tẹ́tẹ́ àti Iṣẹ́ Òótọ́ Lójú Àwọn Sikh

Ní ìlú Saidpur ní ilẹ̀ Punjab, tí a ń pè ní Eminabad ní orílẹ̀-èdè Pakistan lónìí, ni a gbọ́ pé Guru Nanak, ẹni tí ó dá ẹ̀sìn Sikh sílẹ̀, ti wọ̀ sílé gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí ń jẹ́ Lalo, tí ó jókòó tì í, tí ó sì bá a jẹ búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí a fi ọkà líle yan. Ní àkókò náà gan-an ni Malik Bhago, ìjòyè ìlú náà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń dún bí àrá létí mẹ̀kúnnù, ń se àsè rẹpẹtẹ fún àwọn olùfọkànsìn. Ó ránṣẹ́ pe Nanak, ṣùgbọ́n Nanak kò yọjú. Nígbà tí wọ́n fi dandan mú un wá, tí ìjòyè sì bi í léèrè ìdí tí ó fi kọ oúnjẹ ọlọ́lá tí ó lọ jẹ ti òtòṣì, ó mú búrẹ́dì Lalo sí ọwọ́ kan, ó mú ti Bhago sí ọwọ́ kejì, ó fún méjèèjì: wàrà ni ó kán láti inú ti gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹ̀jẹ̀ ni ó kán láti inú ti ìjòyè.

Ìtàn yìí kò sí nínú Guru Granth Sahib, ìwé mímọ́ àwọn Sikh. Ẹnu àwọn àgbà àti àwọn ìwé ìtàn ayé Guru ni ó ti wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Lalo fara hàn nínú orin kan tí Nanak fúnra rẹ̀ kọ. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá fẹ́ mọ èrò wọn nípa tẹ́tẹ́, owó èrú àti iṣẹ́ òótọ́ kò gbọdọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ohun tí ó gbà mí láfiyèsí níbẹ̀ ni pé Bhago kò fi owó rẹ̀ mutí, kò fi ṣe àgbèrè. Sàráà ni ó ń fi í ṣe. Bí oúnjẹ sàráà bá lè kán ẹ̀jẹ̀, a jẹ́ pé kí ẹ̀sìn yìí tó bi owó léèrè ibi tí ó ń lọ, yóò kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀.

Nanak alára kò wàásù iṣẹ́ kí ó má ṣiṣẹ́. Ọdún 1469 ni a bí i ní Talwandi, ìlú tí a sọ di Nankana Sahib nítorí rẹ̀. Akọ̀wé ìṣirò ilẹ̀ ni baba rẹ̀, ó fẹ́ kí ọmọ òun di oníṣòwò, ó sì kó 20 rupee lé e lọ́wọ́ pé kí ó fi ra ọjà tí yóò mérè wá. Ọmọ náà fi owó bọ́ àwọn olùfọkànsìn tí ebi ń pa, ó padà wálé lọ́wọ́ òfo, ó ní òwò òtítọ́ ni òun ṣe. Lẹ́yìn èyí ó di olùtọ́jú àká oúnjẹ ìjọba ní Sultanpur, àwọn asọ̀rọ̀-ẹni-lẹ́yìn sì ń wí kiri pé ó ń fi ohun olóhun ṣe àánú, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ ìwé ìṣirò rẹ̀ wò, wọn kò bá àléébù kankan. Ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, lẹ́yìn ìrìn àjò ọdún gbọọrọ, ó tẹ Kartarpur dó létí odò Ravi, ó ń roko, ó ń jẹ nínú ohun tí ó gbìn, títí ó fi papòdà ní 1539. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ, ni àwọn baba wa wí. Nanak gbé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dé ipò ìjọsìn, nítorí nínú ohun mẹ́ta tí àwọn Sikh so ayé wọn mọ́, kirat karni, èyí ni fífi òógùn ojú jẹun, dúró ní ẹ̀gbẹ́ nam japna, èyí ni rírántí orúkọ Ọlọ́run, àti vand chhakna, èyí ni pínpín jẹ.

Tẹ́tẹ́ kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Íńdíà. Nínú Mahabharata, ìtàn akọni àtijọ́ ilẹ̀ náà, ìdí dáìsì ni ọba Yudhishthira ti pàdánù ìjọba, àwọn àbúrò rẹ̀, ara rẹ̀, àti ìyàwó wọn; títí dòní, nígbà ọdún Diwali, ọ̀pọ̀ ìdílé ní àríwá Íńdíà ń ta káàdì lówó pé oríire ọdún ni àwọn ń wá. Ìlànà ìwà tí ìgbìmọ̀ àgbà àwọn Sikh ní Amritsar fọwọ́ sí ní 1945, tí a ń pè ní Rehat Maryada, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: Sikh kò gbọdọ̀ jalè, kò gbọdọ̀ ta tẹ́tẹ́, iṣẹ́ òótọ́ ni kí ó máa ṣe. Ìdí rẹ̀ kò ju méjì lọ. Ojúkòkòrò, tí wọ́n ń pè ní lobh, jẹ́ ọ̀kan nínú olè márùn-ún tí ń fọ́ ilé ọkàn; bẹ́ẹ̀ ni Nanak sì kọ́ni pé ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn jẹ́ èèwọ̀ fún ni bí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ti jẹ́ fún Mùsùlùmí, àti bí ẹran màlúù ti jẹ́ fún Híńdù. Owó tí ẹnì kan jẹ nídìí tẹ́tẹ́, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó ti já bọ́, ẹni yẹn kò sì rí nǹkan kan gbà dípò rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ mi jù ni inú ìwé mímọ́ náà gan-an, tí Guru Arjan, ọ̀kan nínú àwọn Guru tí ó tẹ̀lé Nanak, kọ́kọ́ ṣe àkójọ rẹ̀ ní 1604. Kì í ṣe orin àwọn Guru nìkan ni ó wà níbẹ̀: Kabir ahunṣọ wà níbẹ̀, Ravidas oníṣẹ́ awọ wà níbẹ̀, Sain onígbàjámọ̀, Dhanna àgbẹ̀, àti Namdev tí ń tẹ àwòrán sára aṣọ. Kabir rí i pé bí ọ̀tatẹ́tẹ́ ti ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó ṣófo nígbà tí ó bá ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó fi ayé ṣòfò yóò ti ayé lọ. Ṣùgbọ́n Namdev ni ó yà mí lẹ́nu: ó ní bí ọ̀tatẹ́tẹ́ bá da owó ẹyọ sílẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ojú òun kò kúrò lára Ọlọ́run. Owó ẹyọ! Púpọ̀ nínú èyí tí àwọn baba wa ná ní ọjà Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn, àwọn erékùṣù Maldives ní òkun Íńdíà ni ó ti wá. Ẹni tí ó kọ orin náà mọ̀ pé ìfọkànsí tí tẹ́tẹ́ ń jí gbé lọ́kàn ènìyàn kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ohun tí ó tọ́ sí Ẹlẹ́dàá ni, tí a lọ fi rúbọ nídìí ẹyọ. Ọ̀rẹ́ Namdev tí ń jẹ́ Trilochan tilẹ̀ bá a wí pé èéṣe tí ó fi ń tẹ aṣọ dípò kí ó máa rántí Ọlọ́run. Èsì Namdev ni pé kí ẹnu máa pe orúkọ Rẹ̀, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ máa ṣiṣẹ́, kí ọkàn sì wà lọ́dọ̀ Rẹ̀.

Ní ayé òde òní ìbéèrè náà ti lójú pọ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Punjab fúnra rẹ̀ ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì, ó sì ń fa èyí tó tóbi nígbà ọdún, títí kan Vaisakhi, ọdún tí àwọn Sikh fi ń rántí bí Guru Gobind Singh ti dá Khalsa, ẹgbẹ́ àwọn olùfọkànsìn Sikh, sílẹ̀ ní 1699. Èyí dùn mí, n kò sì ní fi bò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1994 tí lọ́tìrì ìjọba ti bẹ̀rẹ̀, apá kan owó rẹ̀ ń lọ sí iṣẹ́ àánú àti àṣà, àríyànjiyàn tí ó sì dé bá gbogbo ẹlẹ́sìn tí ó kọ tẹ́tẹ́ ni bóyá ó tọ́ kí wọ́n na ọwọ́ gbà á. Ẹni tí ó bá ní kí a gbà á lè wí pé owó náà ti kúrò lọ́wọ́ olówó, pé ó sàn kí ó tún ilé ìwé ṣe ju kí ó ṣègbé lọ. Èmi kò rí bí a ti lè jẹ́ kí ìtàn Bhago wà láàyè kí a sì gba àwíjàre yìí. Orí burúkú kì í gbọ́ ọṣẹ. Owó tí ẹlòmíràn sunkún pàdánù, sàráà kò lè wẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè nípa ìpín ìdókòwò nínú ilé iṣẹ́, ó yàtọ̀ sí tẹ́tẹ́ lójú tèmi, nítorí iṣẹ́ gidi wà nídìí rẹ̀, bí ẹni tí ó rà á kò bá ti sọ ọ́ di tẹ́tẹ́ ojoojúmọ́.

Nínú ilé ẹ̀sìn náà pàápàá, Guru Gobind Singh kò dá àwọn agbowó èrú sí: nígbà tí àwọn masand tí ń gba ìdámẹ́wàá lọ́wọ́ ọmọ ìjọ ń sọ ọ́ di tiwọn, ó tú ẹgbẹ́ wọn ká. Ibi tí ọrẹ yẹ kí ó lọ sì hàn nínú Rehat Maryada: ó ní kí Sikh ka ẹnu tálákà sí àpótí ọrẹ Guru.

Iṣẹ́ òótọ́ àti pínpín jẹ yìí dé ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú. Láàrin 1896 àti 1901, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ láti Punjab, tí àwọn Sikh gbẹ́nàgbẹ́nà àti alágbẹ̀dẹ wà nínú wọn, bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì la ojú irin láti Mombasa lọ sí adágún Victoria. Ní 1926 àwọn Sikh kọ́ ilé ìsìn kan sí ẹ̀bá ojú irin náà ní Makindu ní Kenya. Ẹni tí ó bá ń ti Nairobi lọ sí Mombasa lè yà níbẹ̀ lónìí, kí ó bọ́ bàtà, kí ó bo orí, kí ó jókòó bí Nanak ti jókòó nílé Lalo, wọn yóò sì bu oúnjẹ fún un láìgba kọ́bọ̀, láìbi í léèrè ìran tàbí ẹ̀sìn rẹ̀.